Mo Lọ Kọ́ Àìkíni ní Ìkẹjà

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé. Àwọn tó ń béèrè bóyá mo rí òkun, mi ò rí i. Àwọn tó ní kí n ra bàtà bọ̀, mo gbàgbé. Ibi ìdáná ni wọ́n ní kí n lọ wò, ibi ìdáná náà ni mo sì wò títí mo fi padà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bó ṣe rí fún yín, kí àwọn tí kò lọ tó bá mi sọ ọ́.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Ẹ mọ ilé-ìwé mẹ́ta tí Alhájì dá sílẹ̀ níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sì mọ̀ pé èmi ni igbákejì ọ̀gá ní èyí tó tóbi jù nínú wọn. Bí ẹ bá lọ́mọ níbẹ̀, ẹ mọ Ìyá Sàídì pẹ̀lú, nítorí òun ló ń se oúnjẹ àárọ̀ fún àwọn ọmọ láti ìgbà tí gbogbo ilé-ìwé náà ṣì wà lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ní sáà tó kọjá, omi híhó tó fẹ́ fi po ògì dà sí i lára. Apá òsì àti itan rẹ̀ bó. Gbogbo wa sáré lọ bá a, gbogbo wa ní "pẹ̀lẹ́", a gbé e lọ sí ọsibítù, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ló yọ̀.

Ara rẹ̀ ti yá kí n tó rin ìrìn-àjò yìí. Ó ti lè ká apá náà kò, ó sì ń ránṣẹ́ lemọ́lemọ́ pé òun fẹ́ padà sídìí iná. Alhájì ò gbà. Wọ́n ní obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ kì í fara balẹ̀, àti pé àwọn á fi ẹlòmíì tí kò tíì dàgbà tó o rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìyá Sàídì gbọ́, wọ́n fárígá. Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á lọ sí kóòtù, ilé-ìwé á sì san owó gbà-má-bínú fún ìyá àwọn. Ìyá Sàídì fúnra rẹ̀ ní òun ò bá ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù kankan, iṣẹ́ òun lòun ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ wa ti sú ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó ń bá wa gbé ẹrù irú nǹkan báwọ̀nyí náà. Ti Ìyá Sàídì kọ́ ni àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Tíṣà kan ti gun àga láti lẹ àwòrán mọ́ ògiri, ó já bọ́, ó fi ọwọ́ dá. Géètì ti yọ kúrò lára òpó, ó gbá ẹ̀ṣọ́ wa léjìká. Àwọn adójútòfò ní àwọn ò ní bá wa ṣe mọ́ àfi bí a bá mú ètò wá, ètò tó sọ ohun tó fa jàǹbá kọ̀ọ̀kan gan-an àti ohun tí a máa ṣe kí irú rẹ̀ má baà wáyé mọ́.

Ni Alhájì bá pè mí. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ní ilé-ìwé ní Ìkẹjà, pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣèṣe, kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ tí mo bá dé, àwọn á gbọ́ ohun tí mo bá mú bọ̀, ibẹ̀ náà làwọn á sì ti fẹnu ọ̀rọ̀ Ìyá Sàídì jóná. Nígbà tí mo lọ dágbére fún un, ó ṣàdúrà fún mi, ó wá ní, "Tíṣà, ẹ bá mi wá nǹkan bọ̀ tí wọ́n á fi jẹ́ kí n padà." Ó rò pé ohun tí wọ́n ń tà ní Ìkẹjà ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Agége

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé mi láti Ìbàdàn. Inú rẹ̀ tutù bí inú fíríìjì, gbogbo èèyàn sì dorí kọ fóònù. Mo kí àwọn tí mo bá níjòkòó, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Arákùnrin kan yọ nǹkan kan létí, ó bi mí bóyá ìjókòó òun ni mo fẹ́. Mo ní rárá, mo kàn ń kí i ni. Ó rò ó díẹ̀, ó ní kò burú, ó sì dá nǹkan náà padà sétí.

Ràfíù, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ní Agége, ló wá pàdé mi ní ibùdókọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti rí ara wa. Bó ṣe rí mi láàárín èrò báyìí, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kọsẹ̀ lára rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé ìyẹn kọ lu ìyẹn, ìyá kan tó gbé ike omi sì da díẹ̀ sí gbogbo wọn lórí. Gbogbo èyí nítorí pé mo dé. Kò sẹ́ni tó bínú pẹ́. Ìyá olómi ní, "Ẹ máa lọ ṣe ìyẹn nílé yín," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo wá kọ́ ni mo ti rí yẹn, kí n tó jáde ní ibùdókọ̀.

Ẹ máa gbọ́ pé àwọn ará Agége ò mọ èèyàn kí. Irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn kàn kì í kí ẹni tí wọn ò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sẹ́nu ọ̀nà Ràfíù bí mo ṣe máa ń jáde nílé, mo ń kí àwọn tó ń kọjá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan di àpò rẹ̀ mú ṣinṣin. Bàbá kan dáhùn, ó sì dúró ó ń retí ohun tí mo fẹ́ tà fún un. Nígbà tó rí i pé mi ò ní nǹkan lọ́wọ́, ó bi mí láti ibo ni mo ti wá. Mo ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Àá, ará òkè," ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ará Òkè ní àdúgbò náà, èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nílé.

Àmọ́ oúnjẹ wọn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ràfíù mú búrẹ́dì bọ̀ láti ibi iṣẹ́ láàárọ̀ náà, gbígbóná, ó rọ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, ẹ ti bà á jẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á. A fi ẹ̀wà agànyìn tì í. Mo bi Ràfíù bóyá wọ́n ń ṣèṣe níbi iṣẹ́ wọn. Ó fi apá rẹ̀ hàn mí, ojú iná wà níbẹ̀ bí ilà. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, gbogbo àwọn tó wà nídìí ààrò ló ní i, bí ẹ bá rí ẹni tí kò ní, àlejò ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ ìdílé rẹ̀.

Ìkẹjà

Ilé-ìwé tí mo lọ wò wà láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ilé tí wọ́n ti ń po oògùn wà lápá kan, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ike wà lápá kejì, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó bìkítà. Mo wọ agbádá, nítorí pé ẹ̀yin ni mo ń ṣojú fún. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò jẹ́ kí n kọjá àfi ìgbà tó ká agbádá náà jọ fún mi, tó fi òwú dì í níbàdí kí ó má baà kọ́ nǹkan, tó sì wọ ẹ̀wù pénpé aláwọ̀ ọsàn kan lé e lórí. Àwọn ọmọ jéléósinmi rí mi, wọ́n rò pé ara àwọn tó ń gbálẹ̀ ojú títì ni mí. Wọ́n ní, "Ẹ kúuṣẹ́ sà." Àwọn nìkan ló kí mi fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ náà.

Obìnrin tó ń bójú tó ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ilé-ìwé wọn ni Ìyáàfin Adéṣínà, ṣùgbọ́n Máàmù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹgbẹ́ mi ni. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ìgò omi àdúrà sì wà lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akoto ike, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń dé. Mo bi í èwo ló ń dáàbò boni jù nínú méjèèjì. Ó ní òun ò tíì lo ọ̀kan láìlo èkejì rí, nítorí náà òun ò lè sọ.

Ó mú mi kiri. Ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, àkàbà kúkúrú kan wà, tíṣà tó bá sì gun àga láti lẹ nǹkan mọ́ ògiri, ọ̀dọ̀ Máàmù ló máa lọ ṣàlàyé. Wọ́n máa ń yẹ géètì wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn òjò. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á kóra jọ, ẹnikẹ́ni tó bá kù díẹ̀ kó ṣubú lọ́sẹ̀ náà á dìde sọ ibi tó jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí. Ohun tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀, a ó dúpẹ́, ó ti tán nìyẹn. Àwọn náà ń dúpẹ́, Máàmù ló ń darí rẹ̀, ó sì máa ń gùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, wọ́n á lọ tún ibẹ̀ ṣe.

A wá dé ibi ìdáná. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú ṣe bí mi tó.

Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè fa ìlà gbọọrọ kan tó fẹ̀ bí ọ̀nà sílẹ̀, láti ìdí iná títí dé ibi tábìlì tí wọ́n ń gbé oúnjẹ lé. Àwọn obìnrin bíi mélòó kan wà nínú ìlà náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rò pé ariwo iná gáàsì ni, mo tún un sọ pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe àwọn ọmọ wọlé láàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó gbé ìkòkò omi gba iwájú mi kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Òmíràn tó gbé àwo epo gbígbóná wò mí lójú kedere, ó sì gbójú kúrò. Ọmọbìnrin tí mo lè bí ni.

Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa wá sọ fún yín jọ nínú mi, pé Èkó ti ba àwọn ọmọ wa jẹ́, pé ó ti parí. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọbìnrin elépo yẹn gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ó jáde kúrò nínú ìlà, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn. Ṣé dáadáa lẹ bá ọ̀nà? Ilé ńkọ́ sà? Àwọn ìyàwó ńkọ́?" Mo ní ọ̀kan ni. Ó ní kí n bá òun kí i. Bó ṣe dìde, ẹni tó gbé omi lẹ́ẹ̀kan wá, òun náà kúnlẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọwọ́ oníkálukú bá ti ń dilẹ̀. Èyí tó ń ro ọbẹ̀ ló wá kẹ́yìn, ó ní kí n má bínú. Mo ti wà lórí ìjókòó nígbà náà, ọbẹ̀ náà ni mo ń jẹ.

Máàmù ṣàlàyé fún mi níbi tí mo ti ń jẹun. "Ẹni tó bá gbé nǹkan gbígbóná, tàbí nǹkan tó wúwo, tàbí tó bá wà lókè àkàbà, kò kí ẹnikẹ́ni níbí. Kódà kó jẹ́ ẹni tó ni ilé-ìwé. Tó bá ti gbé e kalẹ̀, ó lè kúnlẹ̀ di alẹ́."

Mo ní ó le. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá rí àgbà tí kò kí i, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn náà ni, Yorùbá kan náà kọ́ ni wá ni? Ó wá bi mí bóyá omi gbígbóná ti bó ẹnikẹ́ni lára níbi ìdáná wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀.

"Lórí kí ni?"

Mo fi oúnjẹ sílẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ náà. Alhájì fúnra wọn ló sọ ọ́.

Máàmù ò tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó ní lọ́jọ́ kejì, òun á mú mi dé Ìlúpéjú.

Ìlúpéjú

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ ni Máàmù ti ṣiṣẹ́ kó tó wá sí ilé-ìwé, wọ́n sì ṣì ń gbà á láyè láti mú àlejò wọlé. Òórùn ọṣẹ náà ti ń pàdé ẹni láti òpópónà. Wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ wọlé, wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ jáde, àwọn tó ń jáde sì ń sùn bí wọ́n ṣe ń rìn. A jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀bà ni, ó le dáadáa, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó kọjú sí mi pè mí pé kí n wá bá òun jẹun, bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí ṣe, àmọ́ nígbà tó fi pè mí tán, abọ́ rẹ̀ ti mọ́ fónífóní. Kò ṣe é láti ṣahun. Agogo ló fẹ́ lù.

Nígbà tí a jẹun tán, Máàmù mú mi lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó dúró. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Délé, pé lókè ibẹ̀ ló wà lórí àkàbà lọ́jọ́ kan, ó ń pààrọ̀ gílóòbù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Máàmù di ọ̀gá ní ẹ̀ka náà ni. Ó wọlé wá, inú rẹ̀ ń dùn. Délé rí i láti òkè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró lókè kí àgbà tó wà nílẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ yára sọ̀ kalẹ̀, ó sì fẹ́ tẹrí ba, ó sì fẹ́ kí ọ̀gá tuntun kó tó kọjá. Ó fẹ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

"Mo dá a lóhùn," ni Máàmù wí. "Kí n tó rí i pé ó ń já bọ́, mo ti ní 'Káàárọ̀, ọmọ mi.'"

Ó wà láàyè, ó ní. Kò lè rìn dáadáa mọ́. Ọdọọdún ni òun ń lọ kí i, ìyá rẹ̀ sì máa ń ní kó dìde kí àlejò, òun a sì máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó jókòó.

Mo bi í ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé àkàbà ló yẹ̀, wọ́n sì ra àkàbà tuntun. "Àkàbà yẹn ò ṣe nǹkan kan. Gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ ta ló fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀kọ́ ilé ló já ọmọ bọ́?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Omi lé sí mi lójú, mo ní òórùn ọṣẹ ni. Ó ní ó máa ń ṣe gbogbo àlejò bẹ́ẹ̀.

Ìpè kan láti Agége

Mo padà sí ilé Ràfíù, mi ò lè jẹun. Mo pe Ìyá Sàídì lórí fóònù. A kí ara wa dáadáa, nítorí pé kò gbé nǹkan kan, mo bi í. Ó bi mí bóyá mo ti rí nǹkan náà, èyí tó ní kí n mú bọ̀. Mo ní ó kù díẹ̀. Mo wá ní, "Ìyá Sàídì, lọ́jọ́ tí omi yẹn dà, ta lẹ ń kí?"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sínú ohun tí ẹ ń kọ. Wọ́n á ní mo ń fẹ̀sùn kan Alhájì."

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé Alhájì máa ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ibi ìdáná wọlé láràárọ̀, láti tọ́ ògì àwọn ọmọ wò. Ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í fi ìkíni ẹnikẹ́ni ṣeré. Bí ẹ bá kí wọn, wọ́n á ṣàdúrà fún yín, àdúrà wọn kì í ṣe kékeré, kò sì sẹ́ni tó máa dìde kí wọ́n tó parí. Ìyá Sàídì ti gbé ìkòkò kúrò lórí iná nígbà tí wọ́n yọjú. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. Ó ní òun rò pé wọ́n á tètè parí lọ́jọ́ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí òun, wọ́n kan àwọn ọmọ òun, apá òun ń gbọ̀n, òun ń ṣe àmín. Ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń tọrọ fún un lọ́wọ́ nígbà tí omi náà dà. Alhájì ti di ojú nítorí àdúrà. Ìgbà tí wọ́n la ojú, ó ti wà nílẹ̀, wọ́n sì rò pé ibi tó ti ń dìde ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ fún un pé bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á gba ẹlòmíì, ẹni náà á kúnlẹ̀, omi náà á dà. Ó ní kí n ṣe é bó bá ti tọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n kí n rọra sọ ọ́, nítorí èèyàn dáadáa ni Alhájì. Òótọ́ ni. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro gan-an nìyẹn.

Ilé

Mo bá Alhájì ní pálọ̀ wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n dúpẹ́ fún ìrìn-àjò, wọ́n kan ìyàwó mi, wọ́n kan àwọn ọmọ mi, mo sì wà nílẹ̀ títí wọ́n fi dé orí àwọn ọmọ-ọmọ mi tí ẹnikẹ́ni ò tíì bí. Ó fún mi láyè láti ro bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, mi ò sì rò ó já.

Mo sọ ti àkàbà kúkúrú, wọ́n ní ó dáa. Mo sọ ti géètì, wọ́n ní kí n pe alágbẹ̀dẹ. Ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ dùn mọ́ wọn nínú jù, wọ́n ní àwọn fúnra wọn á máa ṣàdúrà ìparí. Mo wá sọ ìtàn Délé fún wọn, láìfi Ìyá Sàídì kún un. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Súbùhánálláhì. Ìyà ńlá ni obìnrin tí ọmọ náà ń kí yẹn jẹ." Wọn kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń ṣókùnkùn sí. Wọ́n ní, "Ta ni Ìyá Sàídì ń kí?"

Mo wo kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀yin ni, sà."

Fáànù ń yí lókè wa.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ni wọ́n sọ fún mi."

"Òun ló ní bẹ́ẹ̀ sà. Kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé ó ń dá yín lẹ́bi."

"Mo ń ṣàdúrà fún un lọ́wọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Wọ́n ní kí n fi ètò náà sílẹ̀, kí n máa lọ. Wọn ò ṣàdúrà nígbà tí mo ń lọ. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé ó ṣeé ṣe kí n máa bá Ràfíù yan búrẹ́dì. Ó ní ṣé búrẹ́dì náà dáa. Mo ní ó dáa gan-an.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Sàídì náà dákẹ́, kò ránṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá kunlékunlé níbi ìdáná, ó lóṣòó pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè, ó ń bi mí báwo ni mo ṣe fẹ́ kí ìlà náà fẹ̀ tó. Mo ní ta ló rán an. Ó ní Alhájì ni, àti pé wọ́n ní kó parí rẹ̀ kí Ìyá Sàídì tó wọṣẹ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì tún bi mí báwo ni kó ṣe fẹ̀ tó.

Ọjọ́ tó padà, gbogbo wa ló ní nǹkan ṣe nítòsí ibi ìdáná. Àwọn tíṣà tí kò mu ògì rí wá ń wo ògì. A ti sọ òfin ìlà náà fún Ìyá Sàídì, ó ti sọ ọ́ padà fún wa láìṣì í sọ, ó ní kò sí wàhálà. Ó gbé ìkòkò omi híhó kúrò lórí iná, ó ń gbé e lọ sídìí tábìlì, ojú àpá iná ń hàn lápá rẹ̀. Ó ti dé àárín ìlà nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Alhájì sì wọlé.

Ìyá Sàídì rí wọn. Ó mọ òfin náà. Orúnkún rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Mo rí i bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, omi inú ìkòkò fì sápá kan, ẹnì kan lẹ́yìn mi sì pe Ọlọ́run.

Alhájì náà rí i. Wọn ò pariwo, wọn ò sì ní kó má kí àwọn. Wọ́n yíjú padà. Wọ́n dojú kọ ògiri pẹ̀lú agbádá ńlá lọ́rùn, imú wọn fẹ́ẹ̀ kan ọ̀dà ara rẹ̀, bí àwọn ọmọ tó pẹ́ dé tí mo máa ń fi síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yìn wọn nìkan la rí. Kò wá sí ẹni tí Ìyá Sàídì máa kí. Orúnkún rẹ̀ na padà, ó rìn dé ìdí tábìlì, ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó jáde kúrò nínú ìlà, ó lọ bá wọn nídìí ògiri, ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

Alhájì yíjú padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò dín kù rárá, ó tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, wọ́n kan àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n tọrọ ẹ̀mí gígùn. Ìyá Sàídì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n fi parí, ó ń ṣe àmín, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn.